Omi Tútù Tó Ń Hó

Bí mo bá sọ pé ìlú òkèèrè ni mo wà, àwọn ará Amúkòkò á fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín pa ara wọn. "Òkèèrè wo? Ajégúnlẹ̀ ńbí?" Wọ́n á ní ṣebí Yorùbá ni mò ń sọ, kí ló wá dé tí mò ń ṣe bí ẹni tí bàálù gbé wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rín in. Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu tòótọ́, tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe Kétu tí ẹ ń wọ mọ́tò lọ l'Ékòó yìí. Faransé làwọn ọmọ fi ń kàwé níbẹ̀, séfà là ń ná, ààrẹ tiwa sì wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ wá síbí ti fi ilé sílẹ̀, ó ti di àlejò. Pé èdè wa jọra gan-an ló tún jẹ́ kó le. Ká ní mi ò gbọ́ nǹkan kan rárá ni, wọn ì bá ṣàánú mi, wọn ì bá máa fọwọ́ júwe fún mi. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ wọn, wọ́n ń gbọ́ mi, ibi tá a ti ń gbọ́ra yẹn náà la ti ń ṣi ara wa gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọhùn lè pè é. Hó ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àṣìgbọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì pé lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo dúró ní Boundary l'Ajégúnlẹ̀ níbí, ẹrù ń bẹ lórí mi, oòrùn ń ta mí, mò ń wá ọ̀kadà. Lọ́dọ̀ wa, zẹ́mì là ń pè é. Mo rí ìyá kan tó ń ta bàtà àlòkù, mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, níbo ni mo ti lè rí zẹ́mì?"

Àánú mi ṣe ìyá náà. Ó ní, "Sẹ́mì? Ó ti pẹ́ tó o ti ń wá a?"

Mo ní ó ti ṣe díẹ̀.

"Irú aṣọ wo ló wọ̀?"

Mo rò pé ìbéèrè gidi ni, torí àwọn ọlọ́kadà Kútọnu máa ń wọ aṣọ kan náà. Mo ní, "Yẹ́lò ni. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn ẹ̀."

"Yéè! Ọmọ bọ́ọ̀lù ni!" Ó bọ́ sójú títì, ó fi igbe ta. "Sẹ́mì o! Ẹ bá wa wá Sẹ́mì o! Ọmọ bọ́ọ̀lù ni, ó wọ yẹ́lò!" Àwọn oníkẹ̀kẹ́ gbà á lẹ́nu ẹ̀, àwọn tó ń ta káàdì fóònù gbà á lẹ́nu oníkẹ̀kẹ́. Kò pẹ́, ọkùnrin gíga kan tó wọ jásì yẹ́lò sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Mà, wọ́n ní ẹ ń wá mi?" Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Títí dòní, bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, ìyá oníbàtà yẹn á ní, "Ìyàwó, ṣé o ti rí Sẹ́mì?"

Iṣẹ́ irun ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Madam Ẹ̀fẹ́ ló gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Boundary yẹn kan náà. Ará Wárí ni, ó sanra, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, inú rẹ̀ sì dáa ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ní Yorùbá, Píjìn ló máa fi parí ẹ̀. "Kútọnu, jọ̀ọ́, wá bá sístá yìí dirun, shápú shápú!" Kútọnu lorúkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní Kétu ni mo ti wá. Ó ní Kétu jìnnà sẹ́nu òun. Àwọn míì ń pè mí ní Ègùn. Mi ò kórìíra Ègùn, aládùúgbò wa ni wọ́n, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe Ègùn. Nígbà tó yá, ó sú mi láti máa ṣàlàyé. Mo á dákẹ́, mo á máa fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, mo á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sín ohùn mi jẹ lẹ́yìn mi. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Ìrọ̀lẹ́ Sunday ló máa ń burú jù, nígbà tí oníkálukú bá lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀, tí èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Amúkòkò, tí mi ò ní ẹni tí mo lè lọ kí.

Àfi ọjọ́ tí obìnrin kan wọlé, tó rí i pé àwọn míì jókòó láìníṣẹ́, tó nawọ́ sí mi, ó ní, "Kútọnu yẹn ni kó dì í fún mi. Ọwọ́ ẹ̀ kì í dunni." Madam Ẹ̀fẹ́ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Kútọnu, yú dọ́n blò!" Ó ní mo ti di gbajúmọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn, mo gbé e délé, mo gbé e fún Rájí ọkọ mi. Rájí náà ará Kétu ni, wẹ́dà ni ní Àpápá, ara trélà tó bá ti ya ló ń jó pọ̀. Ó ní, "Ó ku èmi báyìí. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n máa béèrè mi."

Màmá mi nìkan ni kì í ráyè gbọ́ ìròyìn. Kì í ṣe pé kò fẹ́ gbọ́ o. Láti Kétu sí Èkó, fóònù ilẹ̀ òkèèrè ni, káàdì kì í pẹ́ tán, Màmá sì jẹ́ ẹni tí kì í fi nǹkan ṣòfò. Bó ṣe ń pè mí rèé: "Ṣé àlàáfíà ni? Ọkọ ẹ ńkọ́? Ṣé ẹ ti jẹun? Ó dáa, owó ń jó." Ó ti gé e nìyẹn. Mo á ṣì máa ní "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín," fóònù á ti dákẹ́ sí mi létí. Owó ń jó, owó ń jó! Ìgbà míì mo máa ń bínú, mo á ní ṣé ọ̀rọ̀ mi ò tó nǹkan tí èèyàn lè sun owó lé lórí ni?

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí mo fi lóyún. Oṣù mi ò tíì sún mọ́lé rárá lọ́sàn-án ọjọ́ tí inú rírun ká mi mọ́ ìdí irun tí mò ń dì. Madam Ẹ̀fẹ́ ò dúró ti ilẹ̀kùn, ó gbé mi sínú kẹ̀kẹ́, ó ní ọsibítù Àpápá là ń lọ. Oníbàárà tí mo dirun rẹ̀ dé ìlàjì náà kó sí i pẹ̀lú wa, apá kan orí rẹ̀ ti di, apá kejì dúró gànnàkù. Ó ní, "Ẹni tó ń dirun fún mi ń rọbí, níbo lẹ fẹ́ kí n lọ?" Nínú ìrora, mo rẹ́rìn-ín.

Mo bí ọkùnrin. Àánú Ọlọ́run ni mo fi rí i fìrí kí wọ́n tó gbé e sáré lọ. Kò ké bí ọmọ ṣe ń ké. Ó ń kùn ni, hùn, hùn, bí ẹni tó gbé ẹrù tó jù ú lọ, àyà rẹ̀ sì ń wọlé sínú bó ṣe ń mí. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọ yàrá tí wọ́n gbé e sí, àpótí gíláàsì ló wà. Wọ́n dé fìlà kékeré sí i lórí. Rọ́bà tín-ín-rín méjì wọ ihò imú rẹ̀, ìgò omi kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ ń ṣe pọ̀lọ̀pọ̀lọ̀ láìdákẹ́. Mo bú sẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Sístà Bọ́lá. Obìnrin kúkúrú ni, ìrìn rẹ̀ yá, kì í jẹ́ kéèyàn sunkún pẹ́.

"Mọ́mì, ẹ wá ńbí. Ṣé ẹ mọ láílọ́ọ̀nù tuntun, èyí tí wọ́n fi ń di ọjà fúnni? Ẹ mọ bó ṣe máa ń lẹ̀ pọ̀, tẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ ra á títí kó tó là?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

"Bí inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yín ṣe rí nìyẹn, torí kò tíì gbó. Ó mí sínú, ó là. Ó mí síta, ó tún lẹ̀ pọ̀. Láti máa là á lẹ́ẹ̀kan sí i ló ń rẹ̀ ẹ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ sí i nímú ò ní jẹ́ kó lẹ̀ pọ̀ mọ́. A ò ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ lọ́fun, a ò sì bá a mí. Òun fúnra ẹ̀ ló ń mí. Àwa kàn bá a di ilẹ̀kùn mú kó má pa dé ni." Ó nawọ́ sí ìgò náà. "Ẹnu rọ́bà tó kù ló wà nísàlẹ̀ omi yẹn. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tó ń hó, afẹ́fẹ́ ń dé ibi tó yẹ kó dé. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ mọ́, ẹ má tijú, ẹ pariwo."

Ara mi yá gágá! Mo dúró ti àpótí yẹn, mo ń wo àyà ọmọ mi. Kíkùn yẹn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àyà tó ń wọlé yẹn ò wọlé tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Rọ́bà àti omi lásán! Ó ń ṣe mí bíi kí n sáré síta kí n sọ fún gbogbo trélà tó wà lójú ọ̀nà Àpápá. Kò sí ẹni tó wá sí mi lọ́kàn ju Màmá lọ. Mo bọ́ síta, mo pè é.

"Màmá, mo ti bí o! Ọkùnrin ni!"

"Alhamdulilahi! Oṣù ẹ̀ ti pé ni?"

"Kò pé o, ó kéré gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ń tọ́jú ẹ̀. Wọ́n gbé e sínú àpótí, omi ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

"Kí ló ń hó?"

"Omi ni. Rọ́bà ló so òun àti imú ẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ dákẹ́ o, kó máa hó ni."

Ìgbà tí mo gbọ́ igbe tó jáde látinú fóònù ni mo mọ ohun tí mo sọ. Omi ń hó! Ní gbogbo ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire, kí la ń pè ní omi tó ń hó, bí kò ṣe èyí tó wà lórí iná? Mo ní, "Màmá, ẹ dúró, kì í ṣe irú híhó yẹn," ni káàdì mi bá tán.

Rájí dé kí n tó rí káàdì míì rà. Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Kò jókòó. Ó ní, "Màmá pè mí. Wọ́n ní wọ́n ń se ọmọ àwọn ní Àpápá. Wọ́n ní kí n lọ gbé e jáde kí èéfín tó bá a dé ọpọlọ."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní mo ti gbọ́."

"Ẹ ti gbọ́ kẹ̀?"

"Kí ni kí n sọ fún àna mi? Pé rárá?" Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Wọ́n ti wà lọ́nà. Wọ́n ní bí mi ò bá gbé e jáde, àwọn á gbé e jáde fúnra àwọn."

Sístà Bọ́lá gbọ́ ọ. Ó mú Rájí lọ síbi àpótí, ó ní kó wo àyà ọmọ. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá yọ nǹkan yìí lónìí, mi ò mọ̀ bóyá ọmọ yìí á rí ọ̀la. Mi ò fi dẹ́rù bà yín." Rájí wò ó títí, ó mi orí pé òun gbà. Mo mọ ohun tó ń rò. Tiwa ṣeé bá sọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa dá Màmá dúró? Màmá ló wẹ gbogbo ọmọ ẹbí wa. Bó bá ní kí wọ́n gbé ọmọ, wọ́n á gbé e ni. Ṣé bí Màmá á ṣe gba ẹnubodè kọjá ni mo máa gbàdúrà fún ni, àbí kí wọ́n dá a padà? Mi ò rántí èyí tí mo gbà nínú méjèèjì.

Ó dé lọ́jọ́ kejì, báàgì lápá, gèlè ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó rí i: "Bọ̀njúù! Ẹ má dá mi dúró! Níbo ni wọ́n ti ń se ọmọ?" Máígààdì ò mọ èyí tó máa dáhùn nínú Faransé àti Yorùbá, ó jẹ́ kó kọjá. Àwa ìyá tó wà nínú yàrá náà dìde dúró. Rájí dọ̀bálẹ̀. Màmá fẹsẹ̀ rékọjá orí rẹ̀.

Sístà Bọ́lá ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ tòun ti yúnífọ́ọ̀mù, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Màmá. Ẹ ò ní wọlé láìfọwọ́."

Màmá ò retí ìyẹn. Ta ló máa ní òun ò ní fọwọ́ kóun tó gbé ọmọ tuntun? Ó fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó fi ìbínú fọ ọ́, ọṣẹ ń hó yàà. Ìgbà tó parí, ó wọlé, ó sì dúró. Ó gbọ́ omi náà. Pọ̀lọ̀pọ̀lọ̀, pọ̀lọ̀pọ̀lọ̀. Ó wò mí, omijé ti lé e lójú. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti sọ ọwọ́ rẹ̀ lé ara ìgò náà, ó di ojú, ó ń retí kó jó òun.

Kò jó o.

Ó la ojú kan. Ó fi ọwọ́ kejì kún un. "Ó tutù," ló ní. Ó yíjú sí gbogbo yàrá. "Ó tutù! Ó ń hó, ó sì tutù rinrin!"

Sístà Bọ́lá ní, "Màmá, ó di ẹ̀ẹ̀kejì tẹ́ ẹ máa fọwọ́ o."

Ó tún ọwọ́ fọ̀. Ó wá tẹ̀ síbi àpótí, ó wo imú ọmọ, ó wo àyà rẹ̀, ó wo omi, ó tún wo àyà. Ìyá tó ti wẹ ọmọ láti kékeré mọ ọmọ tó ń mí. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ta ló sọ pé omi ń hó?"

Gbogbo ọwọ́ nà sí mi. Rájí náà nà tiẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé Faransé ti ba Yorùbá jẹ́ mọ́ ẹ lẹ́nu ni? Èyí ò hó. Ẹ̀rín ló ń rín." Ó sín in jẹ, "kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀," gbogbo yàrá sì bú sẹ́rìn-ín, àwọn ìyá tí wọn ò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ mélòó kan. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó pè é ní híhó mọ́ nínú yàrá yẹn. Omi tèmi ń rẹ́rìn-ín, omi ọmọ Ìyá Ṣọlá tó wà nínú àpótí kejì ń rẹ́rìn-ín. Sístà Bọ́lá gan-an á gbẹ́nu sílẹ̀kùn láàárọ̀, á ní, "Ṣé gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín?" A á ní, "À ń rẹ́rìn-ín o!"

Mo ronú sí i lẹ́yìn náà. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni wọ́n ti ń fi èdè mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi láti Kétu ló wá di ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn ń sọ. Ìyá Ṣọlá, Ìjẹ̀bú gidi ni, ó ń sọ ọ́. Obìnrin Íbò kan láti Ìjọ́rà Badia ń sọ ọ́. Madam Ẹ̀fẹ́ wá kí wa, ó kọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọ́tà dé láfù!" Omi ń rẹ́rìn-ín ló ń sọ yẹn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti sọ fún wọn pé a kì í ṣe Ègùn.

Ọjọ́ ìkómọ pé, ọmọ ṣì wà nínú àpótí. Màmá ní ọjọ́ kì í yẹ̀. Áláfà ò lè wọlé, torí náà Rájí ló fọwọ́, tó tẹríba síbi ihò àpótí, Sístà Bọ́lá sì gbé etí fìlà ọmọ sókè díẹ̀. Rájí rọra pe ìrun sí i létí. Látíìfù la sọ ọ́. Àgbò ò sí, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù Madam Ẹ̀fẹ́ la jẹ ní kọ́rídọ̀ ọsibítù. Oníbàárà onírun ìlàjì ọjọ́sí náà wá. Ó ti lọ parí irun rẹ̀ níbòmíì, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo lọ fún wàrà ọmú mi sínú ife kí wọ́n lè fún ọmọ mu. Igbe Màmá ni mo gbọ́. "Kò rẹ́rìn-ín mọ́ o! Ẹ̀rín ti dákẹ́ o!" Ife já bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó dé ibẹ̀, gbogbo ìyá inú yàrá ti ń ké e: "Látíìfù ò rẹ́rìn-ín mọ́ o!" Sístà Bọ́lá ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Rọ́bà ló yọ kúrò nímú rẹ̀ níbi tó ti ń yí orí, ètè rẹ̀ sì ti ń ṣú. Sístà Bọ́lá dá a padà, ó tún un so mọ́ fìlà, ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n ọmọ sókè díẹ̀. Omi náà dákẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pọ̀lọ̀ kan, pọ̀lọ̀ kejì, gbogbo rẹ̀ sì tú yàà. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó ń fi etí gèlè nu ojú. "Rín in, ọmọ mi," ló ń wí. "Jọ̀ọ́, máa rín in."

Ẹ lè wá ro bí ojú wa ṣe rí lọ́jọ́ tí Sístà Bọ́lá ní dókítà fẹ́ yọ ọ́. Ó ní Látíìfù ti gbó, ó ti le, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fún un ti ń dín kù láti ọjọ́ mélòó kan, kó wá dá dúró báyìí. Ayọ̀ nìyẹn yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wa pé bó bá ti dákẹ́, ewu dé. Wọ́n yọ rọ́bà kúrò. Omi dákẹ́. Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ la ti la ẹnu láti pariwo, Sístà Bọ́lá sì gbé ìka sẹ́nu. A ń wo àyà rẹ̀. Ó lọ sókè. Ó wá sílẹ̀. Ó lọ sókè. Imú rẹ̀ pọ́n níbi tí rọ́bà ti rọ̀ mọ́ ọn. Ó ká ojú rẹ̀ jọ, bí ẹni pé ó fẹ́ sín, ó la ẹnu, ó sì figbe ta! Igbe gidi, igbe ọmọ, kì í ṣe kíkùn.

Ariwo tó sọ ní yàrá yẹn, ẹ ò rírú ẹ̀ rí. Gbogbo wa hó yèè! Ìyá Ṣọlá hó, obìnrin Ìjọ́rà hó, dókítà náà pàtẹ́wọ́. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀hẹ́n! Èyí gan-an ló ń jẹ́ híhó."

Wọ́n ní kí n máa gbé e sáyà lábẹ́ aṣọ, kí ara mi máa mú ara rẹ̀ gbóná. Màmá ní ṣé iwájú ni wọ́n máa ń pọn ọmọ sí ní Àpápá ni. Nígbà tó rí bó ṣe ń sùn níbẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ gbìyànjú ẹ̀.

Ìgbà tá a gbé e délé ní Amúkòkò, ìṣòro tuntun dé. Ọmọ ò sùn. Ó yó, ó mọ́, ara rẹ̀ ò gbóná, ó kàn ń ké. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ò tù ú nínú, ìlù ṣọ́ọ̀ṣì ò tù ú nínú. Màmá gbọ́ ọ títí, ó dìde. Ó bomi sínú ìkòkò, ó gbé e ka orí sítóòfù, ó ṣí ilẹ̀kùn kí á lè gbọ́ ọ nínú yàrá. Omi náà gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, pọ̀lọ̀pọ̀lọ̀. Ẹkún Látíìfù rọlẹ̀. Ó dákẹ́. Ó sùn. Rájí wo àna rẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní wọ́n ń fi omi híhó se ọmọ?" Màmá ju pákó ìtẹ̀bà mọ́ ọn.

Màmá ti padà sí Kétu báyìí. Ọkàn mi ò pín sọ́nà méjì mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá oníbàtà Boundary ní ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni Látíìfù. Màmá ní ọmọ Kétu ni. Mo ní kí wọ́n pín in, ó ti ń sanra, ó máa tó wọn.

Lánàá, mo ń se omi ẹ̀bà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Màmá ni. "Ṣé àlàáfíà ni? Ọkọ ẹ ńkọ́? Ṣé ẹ ti jẹun?" Mo ti ń dúró de gbólóhùn tó kù, kó gé e. Kò gé e. Ó ní, "Kí ló ń hó yẹn?"

"Omi ẹ̀bà ni, Màmá."

"Pa á. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń sùn."

"Gbé fóònù sí i nítòsí imú."

Mo pa sítóòfù. Mo gbé fóònù sún mọ́ Látíìfù lórí bẹ́ẹ̀dì, mo tẹrí sí i kí èmi náà lè gbọ́. Kò sí omi, kò sí rọ́bà, kò sí ìgò. Èémí rẹ̀ nìkan ló ń lọ, tó ń bọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Màmá ò sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ti lọ. Mo wo ojú fóònù, ó ṣì wà níbẹ̀, àsìkò ń sáré.

Mo rọra pè é. Mo ní, "Màmá, owó ń jó o."

Ó ní, "Jẹ́ kó jó."